Hilux àtijọ́ fún yanrìn àti ọ̀nà igbó: kí ló yẹ kó ṣáájú?

Ará Sùúrùlérè béèrè:

Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Hilux 4x4 ni mo ní, ti ọdún 1990, irú tí wọ́n ń pè ní LN106, ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì 2.8. Ásù iwájú rẹ̀ jẹ́ ọ̀pá gbọọrọ kan ṣoṣo, ewé sípíríìǹgì ló gbé e níwájú àti lẹ́yìn. Gíà kékeré tó ń mú táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣiṣẹ́ ṣì ń wọlé dáadáa. Ibi tí mo fẹ́ máa gbé e lọ ni yanrìn etíkun lápá Ìbẹ̀jú-Lẹ́kí, àti àwọn ọ̀nà igbó tó ti Ẹ̀pẹ́ já sí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú. Wẹ́dà kan ládùúgbò ní kí n jẹ́ kí òun gbé e sókè ní ínṣì mẹ́rin, kí n wọ táyà 33 sí i, ó ní ọ̀rọ̀ parí. Ẹlòmíì ní kí n yọ ẹ́ńjìnnì yẹn dànù, kí n lọ ra ti V6 ní Ladípọ̀. Owó ọwọ́ mi ò ká gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Kí ni kí n kọ́kọ́ ṣe? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ní kí n tà á.

* * *

Ará Muṣin:

Ẹ má tà á rárá. Irú ásù iwájú bẹ́ẹ̀ ti di ohun tí wọ́n ń wá kiri. Ṣùgbọ́n ẹ má tíì jẹ́ kí wẹ́dà fọwọ́ kàn án. Ọkọ̀ tó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún, ohun tó máa dá a dúró sínú igbó kì í ṣe pé kò ga tó. Ohun tó ti jẹ tán lábẹ́ rẹ̀ ni: síìlì tó ń jò, bẹ́ríǹgì tó ti gbọ̀n, rọ́bà sípíríìǹgì tó ti gbó, họ́ọ̀sì bíréèkì tó ti sán. Tí ẹ bá gbé e sókè láì tún ìwọ̀nyẹn ṣe, táyà ńlá á máa fà wọ́n, wọ́n á sì já síbi tí kò sí mẹkáníìkì.

Ẹsẹ̀ iwájú ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Bọ́ọ̀lù irin ńlá kan wà lẹ́yìn táyà iwájú kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi àkísà nù ún. Tó bá jẹ́ gíríìsì dúdú tó le, tó sì tẹ́ pẹlẹbẹ sára bọ́ọ̀lù náà lẹ rí, ó dára. Tó bá ń ṣàn bí omi ọbẹ̀, tó ń rùn bí ọ́ìlì gíà, síìlì inú ásù ti lọ nìyẹn. Ọ́ìlì dífù, ìyẹn gíà inú ásù tó ń pín agbára fún táyà méjèèjì, ti wọlé bá gíríìsì, ó ti yọ́ ọ, kò sì ní pẹ́ dé orí bíréèkì. Jọ́ìǹtì inú bọ́ọ̀lù náà, èyí tí wọ́n ń pè ní Birfield, ti ń yí láìsí gíríìsì gidi lára rẹ̀. Òun ló sì máa kọ́kọ́ fọ́ lọ́jọ́ tí ẹ bá fa sítíárìn dé òpin tí ẹ tún tẹ iná mọ́lẹ̀ nínú ẹrẹ̀.

Ẹ ra gbogbo ohun tí ẹ máa lò kí ẹ tó tú u: síìlì inú ásù méjì, fẹ́ẹ̀tì àti rọ́bà tó ń nu bọ́ọ̀lù, gásíkẹ́ẹ̀tì pépà, bẹ́ríǹgì kékeré mẹ́rin tí bọ́ọ̀lù ń yí lé lórí, lókè àti nísàlẹ̀, lọ́tùn-ún àti lósì. Nọ́ọ̀tì tó di bẹ́ríǹgì táyà mú jẹ́ 54 mm, sọ́kẹ́ẹ̀tì 54 ló ń tú u. Mẹkáníìkì tó bá gbé ṣísẹ̀lì àti hámà dé, ẹ dá a dúró. Nọ́ọ̀tì tí wọ́n fi ṣísẹ̀lì lù, etí rẹ̀ ti bàjẹ́, kò sí bí ẹ ṣe máa mọ bó ṣe le tó mọ́. Àwọn wáṣà ṣóńṣó kéékèèké tó há sára bóòtù họ́ọ̀bù kì í jáde fún fífà. Ẹ tú nọ́ọ̀tì wọn dé etí bóòtù, kí ẹ fi hámà idẹ lu ara họ́ọ̀bù, wọ́n á tú sílẹ̀ fúnra wọn.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ń ṣì ṣe wà níbí o. Àwọn pẹlẹbẹ irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà lókè àti nísàlẹ̀ níbi bẹ́ríǹgì bọ́ọ̀lù. Ẹ so ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ tó ti wá. Tí wọ́n bá pààrọ̀ ti òkè mọ́ ti ìsàlẹ̀, àárín ò ní ṣe déédéé mọ́, síìlì tuntun á sì tún máa jò. Gíríìsì tó ní molybdenum ni kí ẹ fi dí inú bọ́ọ̀lù náà, kó kún tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, kì í ṣe gíríìsì aláwọ̀ pupa tí wọ́n ń wọ̀n tà nínú ọ̀rá.

* * *

Ará Ìsàlẹ̀ Èkó:

Mo gbà pẹ̀lú yín lórí síìlì, ṣùgbọ́n n ò gbà pé kí gíga dúró. Ẹni tó bá ti rí ipa táyà ọkọ̀ agégẹdú lójú ọ̀nà Ìjẹ̀bú lásìkò òjò mọ̀ pé ìkùn ọkọ̀ á jókòó sórí òkìtì àárín, táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á sì máa yí lófo. Ínṣì mẹ́rin ló ń gbani. Ewé sípíríìǹgì tó nípọn wà ní Owódé Onírin, ẹ fi méjì kún ti ilé, ẹ gbọ̀nà.

* * *

Ará Muṣin:

Ẹ̀gbọ́n, òkìtì àárín yẹn, kí ló ń kọ́kọ́ kàn án? Dífù ni. Inú ásù ni dífù wà, táyà ló sì gbé ásù. Sípíríìǹgì ń gbé ṣáásí àti bọ́ọ̀dì sókè, kò lè gbé dífù sókè kódà ní ìwọ̀n ìrun orí. Táyà nìkan ló lè ṣe ìyẹn. 205R16 tó bá ọkọ̀ yẹn wá ga tó 734 mm. 31x10.5R15 ga tó 775 mm. Ìdajì ìyàtọ̀ wọn ló ń kan dífù, ìyẹn nǹkan bíi 20 mm. 33 á fún wa ní nǹkan bíi 45 mm, n ò jiyàn ìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí 33 ń gbà padà: wọ́n á gé fẹ́ńdà, gíà á wúwo, bíréèkì á rẹ̀, Birfield á sì máa ru ẹrù tí kì í ṣe tirẹ̀.

Ínṣì méjì tó fún táyà 31. Kẹ́ ẹ sì fi ewé sípíríìǹgì tí wọ́n ṣe fún Hilux ṣe é, ẹ má fi ewé ọkọ̀ akẹ́rù kún un. Ewé tó le jù kì í tẹ̀. Tí kò bá tẹ̀, táyà kan á gbé sókè nígbà tí èkejì bá wọ kòtò, táyà tó gbé sókè yẹn ló sì ń yí lófo tí ẹ ń wí. Ìdí tí ásù líle fi dùn ún lò ni pé ẹ̀gbẹ́ kan ń lọ sílẹ̀ nígbà tí èkejì ń gòkè. Ewé tó le jù ń ba ìyẹn jẹ́. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi iná wẹ́dà kan ewé sípíríìǹgì, torí iná ń pa agbára irin náà, ibẹ̀ gan-an ló sì máa dá.

Tí ẹ bá wá gbé e sókè ní ínṣì méjì, iṣẹ́ ò tíì parí. Họ́ọ̀sì bíréèkì tó já sórí ásù gbọ́dọ̀ gùn sí i: ẹ fi jáàkì gbé ṣáásí títí táyà á fi rọ̀ sílẹ̀, kí ẹ wò ó bóyá họ́ọ̀sì náà ti fà le. Ṣọ́ọ̀kì náà gbọ́dọ̀ gùn sí i, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ òun ló máa dá ásù dúró, etí rẹ̀ á sì ya. Bóòtù U tí wọ́n bá ti tú, kí wọ́n má dá a padà. Tuntun ni kí ẹ lò, kí ẹ sì tún un fà lẹ́yìn 100 kìlómítà.

Èyí tí ẹnikẹ́ni kì í sọ ni fáàfù kan lẹ́yìn tó ń wọn ẹrù. Ọ̀pá kékeré kan so ó mọ́ ásù ẹ̀yìn. Bí ẹrù bá tẹ ẹ̀yìn mọ́lẹ̀, fáàfù yẹn á jẹ́ kí bíréèkì ẹ̀yìn mú dáadáa. Bí ẹ̀yìn bá ga, á rò pé kò sí ẹrù, á sì dín bíréèkì ẹ̀yìn kù. Ọkọ̀ tí wọ́n gbé sókè láìtún ọ̀pá yẹn ṣe, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé bíréèkì iwájú nìkan ló fi ń dúró. Páálí irin kékeré tó gbé ọ̀pá náà sókè ní ìwọ̀n tí ẹ fi gbé ọkọ̀ ló ń yanjú rẹ̀.

Ẹni tí ásù iwájú tirẹ̀ kì í ṣe líle, tó jẹ́ ọ̀pá tọ́ṣọ̀n (irin tó ń lọ́ dípò ewé sípíríìǹgì) ló gbé e, kó má fà á kọjá ínṣì kan sí ọ̀kan àbọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, jọ́ìǹtì á tẹ̀ jù, rọ́bà tó bò ó á ya, ọkọ̀ á sì le bíi pákó.

* * *

Ará Agége:

Ẹ ti sọ táyà dé ibì kan, ẹ dúró. Ṣé M/T (táyà eyín ńlá fún ẹrẹ̀) ni àbí A/T (táyà fún gbogbo ilẹ̀)? Èmi ò lè fi A/T wọ ẹrẹ̀ ilẹ̀ Ìjẹ̀bú.

* * *

Ará Muṣin:

Ẹrẹ̀ amọ̀ nìkan ni M/T fi borí. Lórí yanrìn, eyín ńlá rẹ̀ ń gbẹ́lẹ̀ ni. Ẹ ó gbẹ́ ihò fún ara yín kí ẹ tó mọ̀. Ẹni tó béèrè sọ pé yanrìn àti igbó ni, ọ̀nà ọ̀dà sì ni yóò gbà dé ibẹ̀, kò sí bí kò ṣe ní gbà á. Lójú tèmi, A/T tó lágbára lẹ́gbẹ̀ẹ́ ló bá a mu, pẹ̀lú afẹ́fẹ́ tó tọ́. Tí rímù yín bá jẹ́ 16 tó fẹ̀ tó ínṣì 7, 245/75R16 ga bíi 31 gẹ́ẹ́, ẹ ò ní pààrọ̀ rímù. Tí ẹ bá fẹ́ lọ sí 15, ihò bóòtù mẹ́fà ni, 139.7 mm láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì. Ẹ gbé rímù náà wọ̀ kí ẹ tó sanwó.

Táyà tọ́kùnbọ̀, ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tó wà ní òpin kọ́ọ̀dù DOT lára rẹ̀. 2316 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2016. Bó ti wù kí eyín rẹ̀ nípọn tó, táyà tó ti gbó á ya lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ bá ti kéré.

Afẹ́fẹ́ ni oògùn tí owó rẹ̀ kéré jù. Lórí yanrìn rírọ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 15 psi. Tí kò bá gbà, ẹ sọ̀ ọ́ dé 12. Ẹ má kọjá ibẹ̀, torí tí ẹ bá yí sítíárìn lójijì, táyà á bọ́ kúrò lára rímù. Nínú ẹrẹ̀, 18 sí 20. Ilẹ̀ pupa tó le tó ní òkúta, 24 sí 26. Kí ẹ tó padà sórí ọ̀nà Lẹ́kí sí Ẹ̀pẹ́, ẹ fẹ́ ẹ padà dé nǹkan bíi 32, torí táyà tó rọ̀ tó ń sáré lórí ọ̀dà á gbóná, á sì bẹ́. Ẹ ra géèjì tiyín. Géèjì àwọn fọganáísà ẹ̀gbẹ́ títì kì í sábà bára wọn mu. Ẹ ra kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ kékeré tó ń lo bátìrì ọkọ̀ náà.

Lórí yanrìn, ẹ ti họ́ọ̀bù iwájú méjèèjì sí LOCK kí ẹ tó wọ̀ ọ́, kì í ṣe lẹ́yìn tí ẹ ti rì. Gíà kejì, kí ó máa rìn láìdúró. Tí ẹ bá fẹ́ dúró, ẹ má tẹ bíréèkì, ẹ jẹ́ kó dúró fúnra rẹ̀ kí yanrìn má kó jọ síwájú táyà. Tó bá ti ń rì, ẹ yọ ẹsẹ̀ kúrò lórí iná kíákíá, kí ẹ fi ẹ̀yìn padà lórí ipa tí ẹ gbà wá.

* * *

Ará Ìsàlẹ̀ Èkó:

Ọ̀rọ̀ táyà yé mi. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n dá àbá tó ń dín wàhálà kù: ẹ jẹ́ kí wẹ́dà lẹ dífù ẹ̀yìn pa. Táyà méjèèjì á máa yí pọ̀, owó rẹ̀ ò tó nǹkan.

* * *

Ará Muṣin:

Nínú igbó, ó ń ṣiṣẹ́, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ yìí ń gbé ní Sùúrùlérè. Gbogbo kọ́nà tó bá yí lórí ọ̀dà, táyà tó wà níta gbọ́dọ̀ rìn ju ti inú lọ. Tí dífù bá ti lẹ̀, ọ̀kan gbọ́dọ̀ fà lórí ilẹ̀. Táyà á jẹ kíákíá, ọ̀pá ásù á máa lọ́ra títí á fi já, àti pé nínú òjò, ìdí ọkọ̀ á máa yọ̀ lórí afárá. Ẹni tó bá ní owó, kó ra locker gidi (ẹ̀rọ tó ń mú kí táyà méjèèjì yí pọ̀) fún dífù ínṣì mẹ́jọ ti Toyota. Ẹni tí kò ní, kó fi dífù sílẹ̀ bó ṣe wà, kó máa dín afẹ́fẹ́ táyà kù. Dífù Toyota tó ní locker oníná ń wọlé ní tọ́kùnbọ̀, ṣùgbọ́n kì í wọ ilé ásù lásán láìgé e, torí ojú bóòtù wọn yàtọ̀. Àwọn tó ń tà á kì í sọ bẹ́ẹ̀.

Tí ẹ bá máa ra dífù kankan, ẹ ka eyín rẹ̀. 41 lórí 10 jẹ́ 4.10. 43 lórí 10 jẹ́ 4.30. 41 lórí 9 jẹ́ 4.56. Tiwájú àti tẹ̀yìn gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀kan náà. Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn ni pé ọ̀pọ̀ Hilux àtijọ́ l'Ékòó ti pààrọ̀ dífù ẹ̀yìn nígbà kan rí, ẹnikẹ́ni ò sì wo nọ́ńbà. Ọkọ̀ náà á máa rìn dáadáa nígbà tí táyà méjì ń ṣiṣẹ́. Ọjọ́ tí wọ́n bá ti mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bọ̀ ọ́, iwájú àti ẹ̀yìn á máa bára wọn jà, gíà kékeré á sì fọ́.

Ẹ lè yẹ̀ ẹ́ wò láìtú nǹkan kan. Ẹ gbé gíà sí òfo, ẹ fi òkúta di àwọn táyà tó kù, ẹ fi jáàkì gbé táyà ẹ̀yìn kan ṣoṣo, kí èkejì wà nílẹ̀. Ẹ fi ẹfun ìkọ̀wé sàmì sára táyà àti ọ̀pá púròpẹ́là. Ẹ yí táyà náà ní ẹ̀ẹ̀mejì gérégé. Tí púròpẹ́là bá yí mẹ́rin pẹ̀lú díẹ̀ lé, 4.10 ni. Tó bá yí mẹ́rin àti ààbọ̀ kọjá díẹ̀, 4.56 ni. Ẹ lọ síwájú, ẹ ti họ́ọ̀bù, ẹ ṣe bákan náà. Táyà 31 lórí 4.10 á dà bíi pé gíà ti di 3.88, dísẹ́ẹ̀lì 2.8 ṣì lè fà á. Táyà 33 fẹ́ 4.56, ìyẹn dífù méjì lẹ́ẹ̀kan. Ẹ ṣírò owó yẹn pọ̀ mọ́ táyà náà kí ẹ tó dá wẹ́dà lóhùn.

* * *

Ará Sùúrùlérè:

Ẹ ṣeun gidigidi. Ẹ́ńjìnnì ńkọ́? Ó ń gbóná lórí òkè. Mẹkáníìkì mi ti yọ tamọ́sítáàtì rẹ̀, ó ní Èkó ò fẹ́ irú rẹ̀.

* * *

Ará Muṣin:

Ẹ dá tamọ́sítáàtì padà. Òun ló ń mú ẹ́ńjìnnì dé ìwọ̀n ooru tí wọ́n ṣe é fún, òun ló sì ń jẹ́ kó dúró síbẹ̀. Tí wọ́n bá yọ ọ́, dísẹ́ẹ̀lì ò ní jó tán, ọ́ìlì á máa bàjẹ́, àìsàn tó wà nínú ráídétọ̀ á sì fara pamọ́ títí ẹ ó fi wọ gíà kékeré nínú yanrìn. Orí ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì yìí kì í fara da ìgbóná, ó ń sán láàárín ibi fáàfù. Nítorí náà, ẹ wá ìdí tó fi ń gbóná: ẹ tú ráídétọ̀ fún àwọn tó ń jó o, kí wọ́n fi irin gún àwọn ihò rẹ̀, tàbí kí wọ́n pààrọ̀ ọkàn rẹ̀ sí onílà mẹ́ta. Ẹ wo fáànù bóyá kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ṣì ń mú nígbà tó bá gbóná. Ẹ wo ìdérí ráídétọ̀. Ẹ lo kúláǹtì, kì í ṣe omi kàǹga.

Ti V6, ẹ fi sílẹ̀. Dísẹ́ẹ̀lì yín ò ní kọ̀ǹpútà, ò ní púlọ́ọ̀gì tó ń ṣáná, wáyà tó ń jẹ́ kó ṣiṣẹ́ kò ju ẹyọ kan tó ń ṣí ọ̀nà dísẹ́ẹ̀lì lọ. Omi lè ta sí i, á ṣì máa ṣiṣẹ́. V6 fẹ́ wáyà tuntun, kọ̀ǹpútà, ojú gíà míì, ibùjókòó ẹ́ńjìnnì míì, ó sì ń mu epo. Nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì tún wà nínú ìwé ọkọ̀: tí ẹ bá pààrọ̀ rẹ̀ láìtún ìwé ṣe, ọ̀rọ̀ á gùn níwájú VIO. Owó yẹn, ẹ fi pààrọ̀ táímìǹ bẹ́ẹ̀tì tí ẹ ò bá mọ ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ gbẹ̀yìn. 100,000 kìlómítà ni òpin rẹ̀. Tó bá já, fáàfù á lu písítìnì.

* * *

Ará Agége:

Àwọn tó ní Peugeot 504 pikọ́ọ̀pù ńkọ́? Tèmi wà nílé.

* * *

Ará Muṣin:

504 lágbára fún ẹrù, ṣùgbọ́n táyà ẹ̀yìn nìkan ló ń tì í. Oní táyà mẹ́rin tí Dangel ṣe ní Faransé ṣọ̀wọ́n. Ẹ wọ táyà A/T tó ga díẹ̀ sí i, ẹ fi páálí irin bo ìkùn ẹ́ńjìnnì, kí ẹ kó àpò yanrìn méjì sẹ́yìn. Á gbé yín dé ibi tó pọ̀ lórí ilẹ̀ pupa. Yanrìn etíkun kì í ṣe tirẹ̀.

Mo padà sórí Hilux, torí omi kù. Dífù àti gíà ń mí síta látojú ihò kékeré kan lókè wọn. Tí dífù bá gbóná, tí ẹ sì kó o sínú omi tútù, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á súnkì, á sì fa omi wọlé láti ara síìlì. Ẹ so rọ́bà tíńrín mọ́ àwọn ihò náà, kí ẹ gbé e gòkè dé inú ilé ẹ́ńjìnnì, iṣẹ́ ọ̀sán kan ni. Kí ẹ tó wọ omi, ẹ dúró díẹ̀ kí ásù tutù. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ tú bóòtù ìsàlẹ̀ dífù díẹ̀: ọ́ìlì tó bá funfun bíi wàrà ti gbomi, ẹ dà á nù kíákíá, kí ẹ fi 80W-90 GL-5 rọ́pò. Ti gíà ọwọ́, GL-4 ni, ẹ má pa wọ́n pọ̀.

Snorkel, ọ̀pá tó ń gbé ẹnu tí ẹ́ńjìnnì fi ń mí lọ sókè? Wọ́n ń tà á, ẹ lè rà á, ṣùgbọ́n ẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ẹ fi pákó pẹlẹbẹ dí ẹnu rẹ̀. Tí ẹ́ńjìnnì kò bá kú láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, ibì kan ń jò nísàlẹ̀, omi á sì gba ibẹ̀ wọlé.

Omi iyọ̀ tún burú ju ẹrẹ̀ lọ. Ọjọ́ tí ẹ bá ti etíkun dé, ẹ fi omi tútù fọ inú ṣáásí látojú àwọn ihò ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ títí omi tó ń jáde fi mọ́. Ibi tí sípíríìǹgì ẹ̀yìn ti so mọ́ ṣáásí ló sábà máa ń jẹrà, ẹ fi hámà kàn án kí ẹ gbọ́ ìró rẹ̀.

* * *

Ará Ìsàlẹ̀ Èkó:

Mo fara mọ́ púpọ̀ nínú rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ínṣì mẹ́rin ṣì wù mí. Winch, ẹ̀rọ tó ń fi okùn fa ọkọ̀ yọ, ńkọ́? Òun ni mo máa kọ́kọ́ rà.

* * *

Ará Muṣin:

Kí winch tó dé, ẹ ní ibi tí wọ́n máa fà á mọ́. Ìkọ́ iwájú méjì àti ẹ̀yìn, tí wọ́n fi bóòtù M12 tí wọ́n kọ 8.8 (ìwọ̀n agbára rẹ̀) sí lórí dè mọ́ ṣáásí. Bọ́ọ̀lù tí wọ́n fi ń fa tírélà kì í ṣe ibi ìfàyọ. Ó máa ń já, ó sì ti pa èèyàn níbi púpọ̀. Ìdè onírin ínṣì mẹ́ta nínú mẹ́rin, tí wọ́n kọ 4.75 tọ́ọ̀nù sí lára. Okùn tó ń fà gùn, kì í ṣe ṣéènì. Ṣọ́bìrì kan, pákó méjì tó nípọn láti ọ̀dọ̀ àwọn onípákó, àti pákó kékeré fún ìdí jáàkì kó má baà rì. Pẹ̀lú géèjì àti ṣọ́bìrì, ẹ ó yọ nínú yanrìn láìlo winch.

Tí ẹ bá rà á, ẹ wá èyí tí agbára rẹ̀ tó ìlọ́po kan àbọ̀ ìwọ̀n ọkọ̀ pẹ̀lú ẹrù. Fún Hilux yìí, 8,000 pọ́n-ùn tó tí ẹrù ò bá pọ̀. Ṣùgbọ́n winch tó ń fà tagbáratagbára lè mu ju 300 áḿpù lọ, alternator ọkọ̀ yìí kò sì lè fúnni ju nǹkan bíi 40 sí 60 lọ. Bátìrì ló ń ru ìyókù. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́, ẹ fà á díẹ̀, ẹ dúró, ẹ tún fà á. Ẹ tú okùn náà jìnnà, torí ìpele tó sún mọ́ àárín ìlù ló lágbára jù, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ìwéra tó kù lára ìlù náà dín ní márùn-ún. Tó bá wúwo, ẹ fi púlì kan kún un, kí ẹ so ẹnu okùn padà mọ́ ọkọ̀: á lọ́ra, ẹrù tó wà lórí okùn náà á sì dín sí ìdajì. Ẹ gbé aṣọ tó wúwo lé okùn náà lórí láàárín, kí gbogbo ẹni tí kò bá di sítíárìn mú sún sẹ́yìn ju gígùn okùn náà lọ.